Kí Ni Wọ́n Kọ Sílẹ̀ Nípa Yín? Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Awakọ̀ Wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka Àpápá àti Ajégúnlẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ síbí kí àwọn tí wọn kò ráyè wá, àti àwọn ará wa tó wà lókè òkun, lè kà á lórí fóònù wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ìlú wa tó ń wakọ̀.



Alága ní kí n sọ̀rọ̀ ní ṣókí, mo sì fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ara yín nínú yàrá yìí. Àwọn tó ń wa tírélà wọ èbúté wà níbí. Àwọn oní-dáńfó wà, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń ná àárín Ajégúnlẹ̀ wà. Àwọn tó ń wakọ̀ fún ilé-iṣẹ́ wà, àwọn tó ń fi Bolt àti Uber jẹun wà. Àwọn ìyá wa tó ń wa ọkọ̀ ara wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà wà. Tí a bá yọ awakọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí, èèyàn mélòó ló kù?

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Àpápá ni kí n máa yẹ ìwé àwọn awakọ̀ wò kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́. Ohun tí mo ń rí lórí tábìlì yẹn ló mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á wọlé, á kí mi dáadáa, á fi láísẹ́ǹsì rẹ̀ sílẹ̀. Ike rẹ̀ ń dán, fọ́tò rẹ̀ mọ́. Mo á tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á ní òun kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, orúkọ ẹlòmíì pátápátá ló máa jáde. Ọkùnrin náà kì í ṣe olè o. Ó fún ajẹ́ǹtì lówó, ajẹ́ǹtì gbé ike fún un. Ó rò pé láísẹ́ǹsì ni òun rà. Ike ló rà.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyí: láísẹ́ǹsì yín kì í ṣe ike tó wà nínú àpò. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa yín nínú ìwé ìjọba ni láísẹ́ǹsì. Ẹ fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ó tó di pé ẹlòmíràn, ìyẹn ọ̀gá iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò tàbí adájọ́, ló máa sọ fún yín.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára?

Ẹ rántí ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kìíní ọdún 2023. Kọ̀ǹténà já bọ́ lára tírélà ní Ojúẹlẹ́gba, ó wó lu bọ́ọ̀sì akérò. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Ní ibì kan náà, 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹténà ti já bọ́ láti orí bíríìjì, ó sì pa èèyàn mẹ́ta. Mi ò sọ pé láísẹ́ǹsì ló fa ìkankan nínú wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbàkúgbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló wà lórí sìtíárì, ṣé ó sì ní ìwé? Ní ọjọ́ yẹn, kò sí àyè láti lọ wá ajẹ́ǹtì mọ́. Wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun.

Ìbánigbófò ńkọ́? Láti 1 oṣù Kìíní ọdún 2023, ìbánigbófò ẹni-kẹta tó jẹ́ dandan fún ọkọ̀ àdáni ti di ₦15,000 lọ́dún, ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò sì lè san tó ₦3 mílíọ̀nù fún dúkìá ẹlòmíì tí ọkọ̀ yín bá bà jẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ń san án. Ṣùgbọ́n ẹ ka àdéhùn tí wọ́n fún yín. Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì tó péye. Tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, láísẹ́ǹsì awakọ̀ wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Tí ó bá jẹ́ ike lásán ni, wàhálà dé nìyẹn, ẹni tó ni ọkọ̀ àti awakọ̀ ni yóò sì jọ gbé e.

Ìwé mẹ́ta ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń sọ pé ìpínlẹ̀ wọn ní ìwé kan ṣoṣo tó ń sọ ìtàn awakọ̀: ìgbà tó gba láísẹ́ǹsì, ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ lójú pópó, jàm̀bá tó bá a. Èèyàn á san owó díẹ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ jáde fún un. Tiwa ní Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn tiwa pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan wà lọ́dọ̀ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety. Ti ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó wà lọ́dọ̀ FRSC kan náà àti lọ́dọ̀ àwọn àjọ ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkẹta rọ̀ mọ́ nọ́ńbà ọkọ̀, kò rọ̀ mọ́ orúkọ awakọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn níkọ̀ọ̀kan.

Èkínní: ìwé láísẹ́ǹsì fúnra rẹ̀

Ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága àkọ́kọ́. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni láísẹ́ǹsì ti ń wá jákèjádò Nàìjíríà, àmọ́ wọn kì í dá a ṣe. Àwọn VIO ìpínlẹ̀ ló ń dán awakọ̀ wò, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìpínlẹ̀ sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí ẹnì kankan lábẹ́ igi tàbí ní káfẹ́ tó lè dá ṣe láísẹ́ǹsì fún yín parí.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín jẹ́ ojúlówó, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin.

Àkọ́kọ́: ṣé mo jókòó níwájú kámẹ́rà wọn, tí mo sì tẹ̀ka? Ní ibùdó láísẹ́ǹsì, wọ́n gbọ́dọ̀ ya fọ́tò yín níbẹ̀ kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka yín. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi fọ́tò páásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí òun bá yín ṣe é, ike ni ẹni yẹn fẹ́ tà fún yín o.

Èkejì: ṣé nọ́ńbà mi ń jáde? Ẹ lọ sí ojúlé nigeriadriverslicence.org, níbi tí ènìyàn ti lè yẹ láísẹ́ǹsì wò, kí ẹ fi nọ́ńbà tiyín wò ó. Tí fóònù yín kò bá gbé íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, ọmọ yín tó wà ní ṣẹ́kọ́ńdìrì á bá yín ṣe é. Ẹ wo orúkọ, ẹ wo ọjọ́ tí ó máa parí. Láísẹ́ǹsì ọdún mẹ́ta wà, ti ọdún márùn-ún sì wà. Ọ̀pọ̀ ló ń gbé èyí tó ti kú káàkiri láìmọ̀.

Ẹ̀kẹta: ṣé orúkọ mi bá ti NIN mu? Wọn ò ní ṣe láísẹ́ǹsì tuntun tàbí kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣe láìsí NIN mọ́. Àwa Yorùbá ní ìṣòro kan níbí: orúkọ wa pọ̀. Ẹnì kan ń jẹ́ Sùnmọ́nù nínú NIN, Sunday nínú láísẹ́ǹsì, Àjàní ní gáréèjì. Èèyàn kan náà ni lójú wa, èèyàn mẹ́ta ni lójú ẹ̀rọ. Ọjọ́ ìbí náà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún un ṣe nísinsìnyí tí kò sí ẹni tó ń lé yín.

Ẹ̀kẹrin, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹ̀yin ará Àpápá: ṣé lẹ́tà tó wà lórí láísẹ́ǹsì mi bá ọkọ̀ tí mo ń wà mu? Ẹ mú tiyín jáde báyìí, ẹ wò ó. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ irú ọkọ̀ tí wọ́n gbà yín láyè láti wà. A jẹ́ ti ọ̀kadà. B jẹ́ ti ọkọ̀ àdáni kékeré tí kò tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta. G ni ti tírélà, ìyẹn ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ń fa ẹ̀yìn. Mo ti rí àwọn awakọ̀ tó mọ tírélà wà ju bí mo ṣe mọ ọ̀nà ilé mi lọ, tó jẹ́ B ló wà lórí láísẹ́ǹsì wọn. Lójú òfin, ẹni tó mú B wa tírélà kò ní láísẹ́ǹsì tírélà. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ iṣẹ́ yín dára, ẹ jẹ́ kí ìwé yín mọ̀ ọ́n.

Èyí kan èbúté náà. Láti 27 oṣù Kejì ọdún 2021 ni àjọ NPA ti gbé ètò ìpè ọkọ̀ tí wọ́n sọ ní Ètò jáde, tí tírélà kò fi gbọ́dọ̀ kàn wọ inú èbúté bí ó ti wù ú mọ́. Ìwé ni gbogbo nǹkan ń lọ sí ní Àpápá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá dúró, iṣẹ́ tó dára á máa kọjá lára rẹ̀, á wá máa wa jákọ́ọ̀bù tí kò sí ẹni tó fẹ́ wà.

Ẹ̀yin tó ń wa ọkọ̀ akérò tàbí tó ń wakọ̀ fún ilé-iṣẹ́, tiyín tún lé kan. Ìpínlẹ̀ Èkó ní LASDRI, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀, níbi tí awakọ̀ tó fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì máa padà lọ lọ́dọọdún láti tún ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ń bínú sí i pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ wo apá kejì: ìwé LASDRI tó tẹ̀ lé ara wọn fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún, ìtàn awakọ̀ nìyẹn. Ẹ kó o jọ sínú fáìlì. Tí èèyàn méjì bá wá iṣẹ́ kan náà lọ́dọ̀ mi, ẹni tó bá mú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá ni mo máa kọ́kọ́ pè.

Èkejì: ẹ̀ṣẹ̀ ojú pópó àti póìǹtì

Ọ̀pọ̀ wa rò pé tí a bá ti sanwó fáìnì, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí o. Lọ́dọ̀ FRSC, ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní owó, ó sì ní póìǹtì. Owó náà á lọ, póìǹtì á dúró sí orúkọ yín.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé wọn. Ẹni tí kò so bẹ́líìtì: ₦2,000, póìǹtì 2. Ẹni tó ń sáré ju bó ṣe yẹ: ₦3,000, póìǹtì 3. Ẹni tó ń fi fóònù sétí tó ń wakọ̀: ₦4,000, póìǹtì 4. Ẹ̀ṣẹ̀ láísẹ́ǹsì: ₦10,000, póìǹtì 10. Ìwàkuwà tó lè pààyàn: ₦50,000, póìǹtì 10. Ẹni tó bá sì fẹ́ fún òṣìṣẹ́ wọn ní rìbá: ₦10,000, póìǹtì 10. Ẹ gbọ́ ti ìkẹyìn yẹn dáadáa. Owó tí ẹ fẹ́ fi pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, òun náà ní póìǹtì tirẹ̀.

Póìǹtì yẹn máa ń jọ ara wọn. Tí ó bá wà láàárín 10 sí 14, ìkìlọ̀ ni. Tí ó bá wà láàárín 15 sí 20, wọ́n lè dá láísẹ́ǹsì yín dúró. Tí ó bá di 21 sókè, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò. Wọ́n dá èèyàn dúró lọ́nà Oṣòdì. Kò so bẹ́líìtì, 2. Ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, 4. Láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti kú, 10. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 16. Ní ìdúró ẹ̀ẹ̀kan, ó ti kọjá ìkìlọ̀, ó ti bọ́ sí ìdádúró. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦16,000, ṣùgbọ́n owó ni ó kéré jù nínú ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí náà, tí wọ́n bá mú yín, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kí ẹ tó kúrò: orúkọ yín, nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ní ẹ ṣẹ̀. Tí ẹ bá mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kì í ṣe tiyín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti lọ sọ tẹnu yín ní ilé-ẹjọ́. Tí ẹ bá sì gbà, ẹ san owó sí àpò ìjọba ní báńkì tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ara yín lórí WhatsApp, nítorí yíǹkì rìsíìtì máa ń parẹ́. Ẹni tó san tí kò ní rìsíìtì àti ẹni tí kò san rárá, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ti ìpínlẹ̀ Èkó náà tún wà lọ́tọ̀. LASTMA ti wà láti ọdún 2000, àwọn VIO sì wà pẹ̀lú wọn. Ilé-ẹjọ́ alágbèéká tiwọn ló ń gbọ́ ẹjọ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wáńwéè ti ṣe fún èèyàn. Ilé-ẹjọ́ ti gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ tó wá ọ̀nà tí kì í ṣe ọ̀nà, wọ́n sì tà á ní gbàǹjo lójú olówó rẹ̀. Ìyẹn ló gbé wa dé ìwé kẹta.

Ẹ̀kẹta: ìwé tó rọ̀ mọ́ nọ́ńbà ọkọ̀

Ní Èkó lónìí, kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ti wà lójú ọ̀nà. Kámẹ́rà kò mọ ojú awakọ̀, nọ́ńbà ló mọ̀. Orúkọ tí nọ́ńbà yẹn bá gbé jáde nínú ìwé ni wọ́n máa fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ó kan ẹ̀yin oríṣi èèyàn méjì.

Èkínní ni ẹ̀yin tó ti ta ọkọ̀. Ẹ ta ọkọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ gba owó, ẹ fún ẹni tó rà á ní kọ́kọ́rọ́ àti ìwé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣé ẹ yí orúkọ padà ní ilé-iṣẹ́ MVAA tó ń bójú tó ìwé ọkọ̀ ní Èkó? Tí ẹ kò bá yí i, ẹ̀yin ni ìjọba ṣì mọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni yẹn bá ṣẹ̀ ní Ìkòròdú, ìlẹ̀kùn yín ní Ajégúnlẹ̀ ni ó máa kàn. Tí ọkọ̀ yẹn bá gbá èèyàn tó sì sálọ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn dé. Ìwé ọjà, ẹ̀dà láísẹ́ǹsì ẹni tó rà á, ẹ̀rí pé orúkọ ti yí: ẹ kó gbogbo rẹ̀ pamọ́.

Èkejì ni ẹ̀yin tó gbé ọkọ̀ fún awakọ̀ láti máa dá owó wá lójoojúmọ́. Ọkọ̀ tiyín, ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹ yẹ láísẹ́ǹsì rẹ̀ wò kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, àbúrò yín ni o, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni o. Àwọn kan á ní ọmọ ìlú wa ni, kí ni mo fẹ́ máa yẹ̀ wò lára rẹ̀. Mo ní ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn gan-an. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀ẹ́ pàdánù ọkọ̀, ẹ̀ẹ́ sì pàdánù ẹbí.

FRSC ní ojúlé nvis.frsc.gov.ng tí ènìyàn ti lè yẹ nọ́ńbà ọkọ̀ wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì yẹ tiyín wò bí ẹ bá ti délé.

Báwo la ṣe lè gba ìwé yìí sọ́wọ́?

Yíyẹ ẹ wò lórí fóònù dára, ṣùgbọ́n ìgbà míì wà tí èèyàn nílò ìwé tó ní òǹtẹ̀. Ibi iṣẹ́ tuntun lè béèrè, ilé-ẹjọ́ lè béèrè, orílẹ̀-èdè mìíràn lè béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé oore ni wọ́n ń ṣe fún wa, ẹ fetí sílẹ̀: ẹ̀tọ́ yín ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni òfin ààbò ìsọfúnni ara ẹni ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní Nigeria Data Protection Act, bẹ̀rẹ̀. Òfin yẹn ní ẹnikẹ́ni lè béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní ìsọfúnni rẹ̀ pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ní nípa rẹ̀ hàn án, kí wọ́n fún un ní ẹ̀dà rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe tí ó bá ní àṣìṣe.

Ọ̀nà tó rọrùn ni lẹ́tà ojú ewé kan. Ẹ kọ ọ́ sí ọ́fíìsì FRSC tó sún mọ́ yín. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú NIN, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà láísẹ́ǹsì àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ wá béèrè nǹkan mẹ́ta péré: ṣé láísẹ́ǹsì mi wà nínú ìwé yín, irú èwo ni, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ tí yóò sì parí? Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà lórúkọ mi, póìǹtì mélòó sì ni? Tí àṣìṣe bá wà, kí ni mo máa mú wá láti tún un ṣe? Ẹ dárúkọ òfin ọdún 2023 yẹn nínú lẹ́tà. Ẹ so ẹ̀dà láísẹ́ǹsì àti ẹ̀dà NIN mọ́ ọn.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ pé àwọn rí i sórí èkejì, pẹ̀lú ọjọ́. Ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn ni agbára yín. Tí ẹ bá padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, òun ni ẹ máa gbé síwájú wọn, láìpariwo, láìbínú. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ìtàn lásán ni.

Tí láísẹ́ǹsì bá sọnù, ẹ má kàn lọ ra òmíràn. Ẹ lọ búra ní kóòtù, ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, kí ẹ tó lọ béèrè àrọ́pò. Orúkọ àti ìtàn yín á wà bó ṣe wà. Ẹni tó bá lọ bẹ̀rẹ̀ tuntun bíi pé kò wakọ̀ rí, ọdún mẹ́wàá iṣẹ́ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ sọ nù.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ́ ka èyí lórí fóònù. Ẹni tó bá fi láísẹ́ǹsì Nàìjíríà dé Gẹ̀ẹ́sì tó sì di olùgbé ibẹ̀ lè fi wakọ̀ fún oṣù 12, lẹ́yìn náà ó gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò tiwọn, nítorí wọn kì í kàn pààrọ̀ tiwa fún tiwọn. Lọ́hùn-ún, DVLA máa ń jẹ́ kí èèyàn wo ìtàn ìwakọ̀ rẹ̀ lórí gov.uk lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì lè gba kóòdù kan fún ọ̀gá iṣẹ́, tó máa ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ 21. Póìǹtì 12 láàárín ọdún mẹ́ta lè gba ìwakọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì wọn, póìǹtì 6 láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ ti tó.

Ní Ontario, Kánádà, ọ̀rọ̀ náà tún kan ilé wa tààrà. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ka ìrírí ìwakọ̀ yín tó ju oṣù 12 lọ, wọ́n á béèrè ìwé àrídájú láti ọ̀dọ̀ àjọ tó fún yín ní láísẹ́ǹsì tàbí láti ẹ́ḿbásì. Ẹ wo bó ṣe rí: ọkùnrin tó wa ọkọ̀ ní Creek Road fún ogún ọdún lè dé Kánádà, kí wọ́n ní kó dúró de ìdánwò bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nítorí pé láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ, ẹ gba ìwé yín kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó rọrùn láti lọ sí ọ́fíìsì láti Ajégúnlẹ̀ ju láti Toronto lọ.

Tí ẹ bá wá rí i pé tiyín kò dára ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn níbí ti ń wo àpò rẹ̀ tìfuratìfura. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹni tó bá rí i pé ike ni òun ń gbé, kó má lọ bá ajẹ́ǹtì yẹn jà, owó yẹn ti lọ. Kó dáwọ́ ìwakọ̀ dúró díẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ tí ìjọba mọ̀, ìwé ìkọ́ṣẹ́, ìdánwò VIO, kámẹ́rà àti ìtẹ̀ka. Wọ́n lè fún un ní ìwé ìgbà díẹ̀ tó máa lò kí ojúlówó tó jáde. Ó le, mo mọ̀. Ẹni tó ń dá owó lójoojúmọ́ kò rí ọjọ́ kan fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ díẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ sàn ju ọdún mélòó kan lọ ní ẹ̀wọ̀n lórí ìjàm̀bá tí kì í tilẹ̀ ṣe òun ló fà á.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bẹ ẹgbẹ́. Mo dá àbá mẹ́ta, kí ilé gbé e yẹ̀ wò.

Èkínní, ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí gbogbo awakọ̀ mú láísẹ́ǹsì wọn wá. A ó gbé tábìlì kan sí ẹ̀gbẹ́, àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ fóònù lò á bá yín yẹ̀ ẹ́ wò níkọ̀ọ̀kan, ní ìkọ̀kọ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní pariwo orúkọ ẹnikẹ́ni.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àjọṣe láti yá ẹni tó bá fẹ́ ṣe ojúlówó tí kò lówó, kí ó máa san án padà díẹ̀díẹ̀. A ti ń ṣe é fún ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é fún ohun tí kò ní jẹ́ kí ìsìnkú wáyé.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olówó ọkọ̀ nínú wa, ẹ ṣe ìlérí pé ẹ kò ní gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹnikẹ́ni láìyẹ ìwé rẹ̀ wò. Tí ẹ̀yin bá dúró lórí rẹ̀, àwọn ọmọ wa á tún ìwé wọn ṣe kíá.

Tí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà FRSC ni 122, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi sínú fóònù yín báyìí kí a tó túká.

Ojú ọ̀nà Àpápá kò ní jẹ ọmọ wa kankan. A ó lọ, a ó bọ̀ láyọ̀. Ìbéèrè dà?